Ìwọ̀n Ìṣáná

Ní Ìsokùn, níbi tí bàbá mi Sàbítíù ti ń ra wúrà,
kò sí òkúta ìwọ̀n.
Ìṣáná ló fi ń wọn eruku tí wọ́n gbé wá láti Ìgún:
ìṣáná kan, iye báyìí; ìṣáná méjì, iye báyìí.
Òṣùwọ̀n idẹ rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ,
a máa mì bí àyà ẹni tó ń sùn.

Mo mọ̀ pé ó ń rẹ ìṣáná sínú òróró.
Èmi ni mo ń sá wọn sóòrùn,
èmi ni mo ń nù wọ́n títí wọn ó fi jọ ẹni tí kò mọ nǹkan kan.
Igi tó mu òróró wúwo ju igi gbígbẹ lọ, díẹ̀ báyìí,
díẹ̀ tí Dànládì awawúrà kò lè fojú rí,
díẹ̀ tó kọ́ yàrá méjì kún ilé wa.

Nírọ̀lẹ́, mo ń gbé wàláà lọ sọ́dọ̀ Àfáà Sànúsí.
Ó ní ìgbà tí Ọlọ́hun gbé sánmà ró ló gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀.
Ó ní iṣẹ́ tó kéré bí ọmọ iná-igún, a ó gbé e jáde.
Mo rò pé ìlú Ìgún ló ń wí. Mo rẹ́rìn-ín.
Kò bá mi wí. Ó ní, "Ta ló sọ pé o ṣì í gbọ́?"

Lọ́jọ́ kan mo bi í: ta ni kèfèrí?
Mo ń retí kí ó dárúkọ àwọn ará àdúgbò tí kì í kírun.
Ó mú èkùrọ́ kan, ó fi erùpẹ̀ bò ó níwájú mi.
"Láti ìpilẹ̀, ẹni tó ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ ni.
Àgbẹ̀ pàápàá ń jẹ́ orúkọ yẹn, tó bá bo irúgbìn.
Ẹni tó mọ òótọ́, tó bò ó ńkọ́?"
Òórùn òróró wà lọ́wọ́ mi.
Mo kó ọwọ́ sábẹ́ ìborùn.

Bàbá mi lọ sí Mẹ́kà. Ó kú lọ́jọ́ Jímọ̀;
wọ́n ní àmì rere ni. Mi ò jiyàn.
Mi ò mọ ohun tó bá Ọlọ́hun sọ lórí ẹní rẹ̀.
Bóyá ó ti túúbá.
Ṣùgbọ́n túúbá nìkan kì í dá owó olówó padà.

Mo so owó mọ́ etí ìró, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìgún.
Kòtò ni mo bá, omi pupa, ọ̀pọ̀lọ́.
Ọmọdékùnrin kan ní, "Dànládì wo?
Èyí tí ilẹ̀ wó lù, àbí èyí tó ti relé?"
Ǹ bá fi ṣe sàráà, Àfáà ti wí tẹ́lẹ̀
pé ohun olóhun kì í ṣe sàráà ẹni.

Owó náà ṣì wà nínú àpótí mi.
Nínú àpò agbádá rẹ̀ mo rí ìṣáná kan tó ṣẹ́kù.
Mo ṣá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Kò tàn.
Mo dì í mú nínú òkùnkùn, mo ń wọ̀n ọ́n wò.