Ìlà Ṣọ́ọ̀kì

Kíláàsì kẹrin la lò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Láfẹ́nwá,
nítorí àwọn onígbọ̀ngàn tí a máa ń yá
ní àwọn ò fẹ́ fèrèsé fífọ́ mìíràn.
Bẹ́ǹṣì ọmọdé, orúnkún àgbàlagbà:
a ká ara wa jọ bí ẹni tó fẹ́ gba ìyà.

Èmi ni wọ́n ní kí n ka ìbò.
Wọ́n ní tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì kì í purọ́ iye.
Bẹ́ẹ̀ ni. N kì í purọ́ iye.

Ọ̀sẹ̀ méje ṣáájú, lábẹ́ bíríìjì Pánṣẹ́kẹ́,
ẹsẹ̀ pọ̀ ju ọ̀nà lọ.
Tajútajú rọ̀ sílẹ̀ bí ìkùukùu tó ṣìnà,
àwọn obìnrin ń ju aṣọ tútù láti òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.
Nígbà tó dalẹ́, bàtà ẹsẹ̀ òsì mọ́kàndínlógójì
ni wọ́n kó jọ sẹ́bàá gọ́tà.
Mo kà wọ́n. Bí mo ṣe rí nìyẹn.

Ìdíàtù ló gun orí típà lọ́jọ́ náà,
ọmọ tó ń ṣe rewáyà ní gáréèjì, ọwọ́ dúdú fún ọ́ìlì.
Ó ní: "Ẹ má sọ̀kò o!
Òkúta la fi bo ara wa nílùú yìí,
ta ní í ṣí òrùlé ẹ̀ sọ ọ̀tá?"
Ọmọ tèmi wà níbẹ̀. Ó délé láìsí ohùn,
ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń fọwọ́ béèrè omi.

Ìjọba dá owó orí tuntun náà dúró.
Ó wá ku Ẹgbẹ́ Alátùpà, ẹgbẹ́ wa,
tó sùn fọnfọn nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀.
Ìdíàtù gba fọ́ọ̀mù alága. A rẹ́rìn-ín.
Olóyè Ṣówándé, ọdún mẹ́rìndínlógún lórí àga,
kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó dije."

Ṣùgbọ́n káàdì ló ń dìbò, ẹsẹ̀ kọ́.
Àwọn tó kún títì, ìta ni wọ́n wà,
lórí ògiri, lórí igi máńgòrò,
wọ́n ń wò wá lójú fèrèsé bí ẹni ń wo aláìsàn.

Mo fa ìlà sára pátákó, mẹ́rin, ìkarùn-ún dábùú.
Ìdíàtù, mẹ́tàlélógójì.
Ṣówándé, mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.
Méjì, tàdáwà ti bà wọ́n jẹ́.

Ọ̀kan nínú mẹ́rìndínlọ́gọ́ta yẹn, èmi ni mo ni ín.
Ẹ má bi mí ní iye tí wọ́n fún mi.
Wọn ò fún mi ní kọ́bọ̀.
Lóru ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi kọ̀ tí kò dá,
Ṣówándé ló jí, tòun ti ẹ̀wù àwọ̀sùn,
tó fi mọ́tò ara ẹ̀ gbé e dé Ìdí-Abà.
Kò sọ ọ́ rí.
Ká ní ó ti sọ ọ́ rí ni,
Ìdíàtù ni ǹ bá tẹ̀ka fún.

Mo ka èsì. Igi máńgòrò dákẹ́.
Wọn ò fọ́ nǹkan kan; ìyẹn ló bà mí lẹ́rù.
Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbọn eruku ìdí,
ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà lọ.

Ìdíàtù dúró. Ó ń to bẹ́ǹṣì padà,
ó ní àwọn ọmọ ń wọlé lọ́jọ́ Ajé.
Mo di ẹ̀gbẹ́ kan mú, ó di ìkejì.
"Tíṣà, ẹ ti kọ́ mi rí, nígbà tí mísì wa lọ bímọ.
Ìyọkúrò lẹ kọ́ wa."
Kò wojú mi.

Mo gbé dọ́sítà, ó ní kí n fi sílẹ̀.
Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ kan á ka àwọn ìlà yẹn,
á bi tíṣà ẹ̀ pé kí ni wọ́n ń kà níbí,
kí ló dé tí apá kan fi kúrú.