Ihò Bọ́tìnnì

Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, làwọn àgbà ń wí.
Tèmi dí lóṣù kẹfà,
dókítà bá la ọ̀nà ẹ̀bùrú fún mi
lápá òsì, ìka mẹ́ta sókè ìdodo.
Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń gbé ibẹ̀ báyìí,
àlejò tí kò gbé àpò wá, tí kò sì ní lọ.

Nígbà ooru, a ò jà.
Ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ kan, ó parí.
Ṣùgbọ́n ní Kuhmo níbí, òtútù kì í kan ilẹ̀kùn;
bó bá di oṣù kọkànlá, inú ìgúnpá rẹ ló ti ń bá ọ sọ̀rọ̀.

Bẹ́líìtì tí mo fi wa ọkọ̀ agbégi fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n
jókòó gan-an sórí ẹnu tuntun mi, ó ń bù ú jẹ.
Mo sọ ọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Mo fi okùn méjì kọ́ ṣòkòtò mọ́ èjìká bí ọmọ iléèwé,
ìbàdí rọ̀ gbẹ̀dẹ̀gbẹ̀dẹ̀, ikùn ráyè mí.
Síngílẹ́ẹ̀tì òwú ló ń kọ́kọ́ kan ara,
torí irun àgùntàn a máa yún ojú egbò
bí ìgbà tí èèrà bá wọ ìbọ̀sẹ̀.
Kóòtù tí síìpù rẹ̀ ń ṣí láti ìsàlẹ̀,
Taisto ló bá mi rí i. Kò sọ iye tó rà á.

Ó wá ku súwẹ́tà.
Ìyá Raili ló hun ún, lọ́dún tó kú,
àwọ̀ eérú, ìràwọ̀ funfun mẹ́jọ láti àyà dé ikùn.
Bí mo bá fẹ́ jẹun, àfi kí n ká a dé ọrùn,
kí afẹ́fẹ́ gbá mi níkùn, kí eyín máa lu ara wọn.
N ò ṣe. Mo jókòó ti fèrèsé,
mò ń ka ọkọ̀ tó ń kọjá: méje láàárọ̀, mẹ́rin lálẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ kan mo gbọ́ ìró àlùmọ́gàjí.
Raili ti gé ìràwọ̀ kan sí méjì!
Mo pariwo. Ohùn mi kì í dé ibi tí mo bá rán an mọ́,
ó jáde bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fòróró sí.
Kò dá mi lóhùn. Abẹ́rẹ́ ló fi ń gbá etí ihò náà,
òwú pupa, torí aláwọ̀ eérú ti tán,
ó sì já bọ́tìnnì kan lára kóòtù iṣẹ́ mi àtijọ́.
“Arvi,” ló wí, “ìyá mi ò hun ún fún ìdí fèrèsé.”

Ní Sátidé, a lọ sórí adágún.
Taisto dá ihò lu sínú yìnyín,
ó jókòó sórí àpótí, ó da kọfí rẹ̀.
Èmi náà ṣí ihò tèmi, bọ́tìnnì kan péré.
Láti ilé ni ọ̀rá oúnjẹ ti ń sùn lábíyá mi,
ó lọ́wọ́ọ́rọ́ bí ẹyin abẹ́ adìyẹ;
ká ní ìta ló wà ni, ì bá ti dì
kí n tó pe orúkọ ara mi tán.
Rọ́bà kò fojú kan ìmọ́lẹ̀ rárá,
oúnjẹ ń rìn lábẹ́ aṣọ bí ọ̀rọ̀ àṣírí.
Taisto tẹjú mọ́ ihò tirẹ̀, kò wo tèmi.

Nígbà tó yá ló bi mí: “Kí ni wọ́n sè lónìí?”
Mo ní: “Àbúrò ti àná.”
Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá ìpẹja fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹja mẹ́ta ni mo pa, abilà lára.
Raili fi bọ́tà dín wọn. Mo jókòó ti ààrò,
mò ń gbóòórùn. Ó dùn mí, n ò ní parọ́.
Ó jẹ méjì.
Ìkẹta ṣì wà nínú àwo, a ò mọ ẹni tí a fi í dè.
Súwẹ́tà wà lórí àga,
òwú pupa yí ihò rẹ̀ ká
bí ètè ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti igbó jẹ èso dé.