Ọwọ́ Òsì

Ọdún méje ni mo fi kọ ẹ̀yìn sí ayé
lábẹ́ irin roboto tó ti dípẹtà,
lórí pápá kọnkéré kan ní Ìkẹ́rẹ́
níbi tí Olósùnta ti ń wò wá
bí àgbà tí kò sanwó ìwọlé.
Iṣẹ́ mi ò gba àlàyé:
dúró. Na ìgbọ̀nwọ́. Fi ìdí tì wọ́n sẹ́yìn.
Ohun tó bá jábọ́ látòkè, tèmi ni.
Ẹni kẹrin ni wọ́n ń pè mí.
Mi ò mọ ojú ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí mi,
ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo mọ̀.

Ọwọ́ Jíbọ́lá ni.
Jíbọ́lá kó lọ sí Ìlọrin lẹ́yìn Àjíǹde,
ó fi bàtà kan sílẹ̀, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Kóòṣì Fátúnlá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
ó ń jẹ àgbàdo sísun, kò wò mí lójú:
"Fáléyẹ, láti ọ̀la, ìwọ lẹni kìíní."
Mo dúpẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ pàápàá.
Mo rò pé ìgbéga ni.
Ta ló sọ fún mi pé ẹni kìíní
ló ń jẹun kẹ́yìn?

Nísinsìnyí mo kọjú sí gbogbo wọn.
Ẹni mẹ́sàn-án ń sáré, ojú méjì péré ni mo ní.
Bọ́ọ̀lù tí mo máa ń gbá mọ́ra
bí ẹni já iṣu gbà lẹ́nu ewúrẹ́,
mo ní láti jẹ́ kó máa lọ, kó máa bọ̀,
kí n má sì wò ó.
Ẹ ò mọ bó ṣe le tó
láti má wo ohun tí ẹ fẹ́ràn.

Gíga tó ti ń gbè mí wá di ẹrù.
Ọmọ kúkúrú kan láti Ìjerò ń yọ́ gba abẹ́ apá mi
bí eku tó mọ ọ̀nà àká,
ó jí bọ́ọ̀lù lọ lẹ́ẹ̀mẹfà nírọ̀lẹ́ kan ṣoṣo.
Ó tiẹ̀ ń kí mi bó ti ń lọ:
"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n."

"Òsì rẹ ti kú," ni Kóòṣì wí.
Ó fi ìborùn ìyàwó rẹ̀ di ọ̀tún mi mẹ́yìn,
ó ní kí n lu bọ́ọ̀lù láti Ùró dé Ọjà Ọba
láàárọ̀ kùtù, kí ọ̀kadà tó pọ̀.
Ewúrẹ́ sá. Bọ́ọ̀lù já sí gọ́tà lẹ́ẹ̀mejì.
Bàbá kan tó ń rin orín lẹ́nu ọ̀nà
dá orín dúró: "Ta ló so ọmọ yìí?"

Òsì mi ò kú o, Yèyé.
Ẹ̀yin lẹ nà án sùn.
Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí, mo fi í gba ẹran lọ́wọ́ àlejò,
ẹ fi ọmọrogùn gbá a, pàú!
"A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni!"
Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé ìhà mi bí ayálégbé,
kì í gbà, kì í fúnni,
àfi kó fọ ibi tí a kì í dárúkọ.

Mo bẹ̀ ẹ́. Mo fi òrí pa á lálẹ́,
mo jẹ́ kó ti ilẹ̀kùn, kó bu iyọ̀, kó kọ orúkọ mi.
Orúkọ náà rí bí ipasẹ̀ adìẹ.

Ní Sátidé, Ìkọ̀lé fi àmì mẹ́sàn-án jù wá lọ,
ẹ jẹ́ kí n má purọ́.
Ṣùgbọ́n ìgbà kan wà, lẹ́yìn ìsinmi,
tí ẹni méjì dí ọ̀tún mi pa,
tí Adéṣọlá dúró síbi tí mo máa ń dúró,
ó kọ ẹ̀yìn sí ayé, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ nà.
Kí n tó rán òsì níṣẹ́, òsì ti lọ.
Bọ́ọ̀lù gba àárín wọn kọjá.
Adéṣọlá ò wẹ̀yìn.
Kò mọ ojú mi, ọwọ́ nìkan ló mọ̀.

Yèyé, ẹ forí jì mí,
òsì ni mo fi fún un.