Epo Tí Kò Rí Afẹ́fẹ́

"Òkun o," ni ọlọ́kọ̀ wí.
Ó ní òkè Kàbà ti borí ẹ́ńjìnnì òun,
ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì Ọbájáná lẹ́yìn.
Kí Bámitálẹ́ ṣáà fi epo kún un.

Bámitálẹ́ yí nọ́ọ̀tì pọ́ńpù,
ìdajì yíyí péré.
Sàlẹ́ńsà bu ramúramù,
ó bi èéfín dúdú
sórí aṣọ tí ìyá mi sá.

"Agbára nìyẹn!"

"Rárá o. Epo tí kò rí afẹ́fẹ́ bá jó ni.
Owó ẹ ló ń fò lọ yẹn."

Ó wá họ́ọ̀sì tọ́bò kàn,
ó ti là bí ètè nígbà ọyẹ́.
Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó dá nọ́ọ̀tì padà.

Ọkọ̀ gòkè, a kò rí èéfín mọ́.

Ìyá mi ṣì ń fọ aṣọ.