Ẹrù Èjìká

Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo wọ mọ́tò ní Kúbwá,
ogún ìwé nínú báàgì, pẹ́ńsùlù méjìlá,
ìrésà kan tó ti jẹ tán bí eyín arúgbó.
Ọyẹ́ bo òkè Bwari mọ́lẹ̀,
ó funfun bí ojú-ìwé tí n kò tíì fọwọ́ kàn.
Awakọ̀ ní, "Màdáámù, tíṣà ni yín?"
Mo ní rárá o, ayàwòrán ni mí.
"Ti fọ́tò?"
Ti ìwé ọmọdé.
Ó dákẹ́ títí a fi kọjá ibi tí sójà ti ń yẹ ọkọ̀ wò,
ó wá ní, "Wọ́n ń sanwó ẹ̀?"

Ìbéèrè bàbá mi gan-an nìyẹn,
ní Sábó, ní Zaria, lẹ́yìn káńtà ìsọ̀ ìṣó àti páànù,
lọ́jọ́ tó rí ewúrẹ́ mẹ́ta àti ọkùnrin onírùngbọ̀n kan
nínú ìwé tó ń kọ gbèsè sí.
Mo ti ya Alàájì Gambo lé gbèsè Alàájì Gambo lórí.
Alàájì dé, ó wo ara rẹ̀ títí, ó rẹ́rìn-ín, ó sanwó.
Bàbá mi kò nà mí. Kò sì yìn mí.

Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti ń ya ọmọ tí n kò bí.
Ìwé àkọ́kọ́, oṣù mọ́kànlá kí owó tó dé,
orúkọ mi wà lẹ́yìn pátápátá, ó kéré bí ẹyin iná orí.
Mo ya òkun nígbà tí n kò tíì rí òkun:
adágún Jábì ni mo lọ wò,
mo fi ọkàn bu iyọ̀ sí i.

Iná ti lọ nígbà tí mo dé ilé-ìwé.
Ẹ̀rọ tí mo gbé wá di ẹrù lásán.
Malama Rifkatu fún mi ní ṣọ́ọ̀kì méjì, ọ̀kan ti kán.
Hausa la jọ ń sọ, èmi ti Zaria, àwọn ti Bwari,
ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́rin lórí bẹ́ǹṣì àti ẹní.
"Àǹtí Abọ́sẹ̀dé, ẹ ya mọ́tò."
"Àǹtí, kí ló ń pa ewúrẹ́ yìí lẹ́rìn-ín?"
Shekwolo nìkan kò béèrè nǹkan.
Ó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, ó ki àtàǹpàkò bọ ojú-ìwé keje.
Ó ní, "Obìnrin yìí kì í ṣe ìyá ẹnì kankan."

Báwo?

"Orí ló fi ru igi.
Èjìká ni ìyá mi. Èjìká ni ìyá ìyá mi.
A kì í di ẹrù lé orí."

Ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń gbé Kúbwá,
àràárọ̀ ni àwọn ìyá Gbàgyí ń gba iwájú fèrèsé mi kọjá,
igi ìdáná ní èjìká, ọrùn wọn tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Ojú mi rí wọn.
Ọwọ́ mi lọ ya ìyá bàbá mi ní Ìlá,
ó fi aṣọ aláṣọ wọ̀ ọ́.
Àwa tí a ń bẹ orí, tí a ń kí orí kí ilẹ̀ tó mọ́,
àwa náà la tún ń dìgi lé e.

Mo fún un ní ṣọ́ọ̀kì tó gùn.
Ó ya ẹsẹ̀ kọ́kọ́, ó ya èjìká, ó ya ọwọ́ tó nà sókè.
Igi náà gùn ju pátákó lọ,
ó jáde sára ògiri.
Malama kò wí nǹkan kan.

Àwọn tó tẹ ìwé ní kò sí àtúnṣe,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ti jáde.
Nítorí náà, ilé-ìwé tí mo bá dé báyìí,
ojú-ìwé keje ni mo kọ́kọ́ ń ṣí.
Mo ní, àṣìṣe kan wà níbí, ẹ bá mi wá a.

Ní Kùje lọ́sẹ̀ tó kọjá,
wọ́n rí i kí n tó jókòó.
Wọ́n tún rí méjì mìíràn tí èmi kò mọ̀.