Pẹpẹ Bàtà

Pẹpẹ tí mo fẹ́ ròyìn yìí, kò sẹ́ni tó rúbọ lórí rẹ̀ rí.
Pákó lásán ni, ìṣó mẹ́rìndínlógún,
ó fara ti ògiri lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn kan
ní Halliwell, ní ìlú Bolton,
níbi tí òjò kì í ti í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé.

Ọ̀gbẹ́ni Entwistle ló kàn án.
Orúkọ yẹn há wa lọ́fun bí eegun ẹja;
a sọ ọ́ ní Bàbá Kọ́kọ́rọ́, ó sì ń dáhùn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bàtà àwọn Mùsùlùmí ló ń jókòó síbẹ̀.
Ní Sátidé, sálúbàtà Ìyá Jaswanti
àti ti gbogbo àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ẹgbẹ́ rẹ̀.
Lọ́jọ́ Ìsinmi, tiwa, àwa Kérúbù aláṣọ funfun
tí a kì í wọ bàtà níwájú Olúwa.
“Ọlọ́run mélòó lẹ ní gan-an,” ni Bàbá Kọ́kọ́rọ́ bi mí,
“tí gbogbo wọn fi kórìíra bàtà báyìí?”
Òun kì í bọ́ tirẹ̀. Òun kì í wọlé.
Ó ní òun kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ lókè
àfi ẹni tó bá gun àkàbà lọ tún òrùlé ṣe.

Ìkìrun ni wọ́n bí mi sí.
Ìyá mi ń kírun, bàbá mi ń wọ sùtánà,
àmù kan náà ni wọ́n ti ń bu omi:
ìyá fi ṣàlùwàlá, bàbá gbàdúrà sí i.
Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní nǹkan kan.
Ìgbà tí mo dé ìlú òyìnbó ni mo gbọ́ pé ó lórúkọ,
pé wọ́n ń pèpàdé lé e lórí,
pé bisikíìtì wà níbẹ̀.

Kí n má purọ́, a jà.
Àbẹ́là wa kán sórí kápẹ́ẹ̀tì,
ó gan mọ́ ibi tí iwájú orí Ìmáàmù Munshi ń kàn.
Ó sọ̀rọ̀. Wòlíì Adéṣíyan fèsì,
èsì náà sì ga ju ọ̀rọ̀ lọ.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ń wo bàtà ara wa láìkí ẹsẹ̀.
Ìyá Jaswanti ló gbé áyọ́ọ̀nù àti bébà wá,
ó kúnlẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni,
ó fi ooru fa àbẹ́là náà sínú bébà.
Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó rí róbótó bí owó bàbà.

Ní Jímọ̀ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, ilẹ̀kùn kò ṣí.

Orí àga ni wọ́n bá a, rédíò ń bá a sọ̀rọ̀,
kọ́kọ́rọ́ wà lápò kóòtù.
Kò láya. Kò bímọ. Kò ní ṣọ́ọ̀ṣì tí yóò bèèrè rẹ̀.
Káńsù yan aago mẹ́sàn-án àárọ̀ fún un,
torí owó rẹ̀ kéré.
Àádọ́rin wa la lọ.
A kò kọrin; kò fẹ́ orin nígbà ayé rẹ̀.
Wòlíì Adéṣíyan panu mọ́,
èmi ka ìyẹn mọ́ iṣẹ́ ìyanu.
Ìgbà tó kan iná, Ìmáàmù Munshi dúró lẹ́nu ọ̀nà:
ẹ̀sìn tirẹ̀ kì í fi òkú fún iná.
Kò wọlé. Kò sì lọ.
Yìnyín bo fìlà rẹ̀, kò gbọ̀n ọ́n dànù.

N kò mọ ẹni tó gbé bàtà iṣẹ́ rẹ̀ wá,
èyí tó fi okùn pupa so lápá kan.
Ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà.
Jímọ̀ dé, wọ́n sún tiwọn fún un.
Sátidé dé, ẹnì kan nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀.
Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo fi tèmi tì í.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi dúró síta.
Ó ti bọ́ bàtà.