Ìlà Kẹtàdínlógún

Ìlọrin ni wọ́n ti fún mi ní ìwé tí wọ́n fi rúlà fa ìlà sí,
ọgọ́rin ìlà, ìlà kan fún ọmọ kan,
kí n wá àwọn tí a bí pẹ̀lú ihò nínú ọkàn
láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ́, kí n má fo abúlé kankan.
Wọ́n fún mi lẹ́rọ kan pẹ̀lú, kò ju àtàǹpàkò lọ,
ó ń di ọmọ níka mú bí akàn tí kò lágbára,
a sì ka iye afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ fúnni.

Lẹ́yìn Ìsánlú, níbi tí ọlọ́kadà ti ní òun ò lọ mọ́,
mo fẹsẹ̀ rìn wọ oko kajú Mẹ́jabí.
Àwọn ọmọ ń ṣa èso, wọ́n ń yọ kóró rẹ̀ sínú báfù.
Jọláadé, ọmọ ọdún mẹ́fà, gbé ẹsẹ̀ mẹ́wàá,
ó lóṣòó.
Ó dìde, ó gbé mẹ́jọ,
ó lóṣòó, eékún kan àyà, bí ẹni ń tẹ́tí sí ilẹ̀.
“Ọ̀lẹ ni,” ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, kò tilẹ̀ wojú rẹ̀.
“Ètè rẹ̀ tó dúdú ńkọ́?”
“Oorí-ńlá ló jẹ.”
Ìgbà òjò ni oorí-ńlá ń pọ́n. Inú ẹ̀ẹ̀rùn la wà.

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọmọ náà.
Ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un:
ká ẹsẹ̀ rẹ kò, kí n lè rántí ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró.
Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti ń tọ́jú ara rẹ̀
kí ìwé wa tó dé.

Ẹ̀rọ ní mọ́kànléláàádọ́rin.
Ìyé rẹ̀ yọ ọrùn wò ó.
“Nínú ọgọ́rùn-ún?”
“Nínú ọgọ́rùn-ún ni.”
“Ó mà yege o!” Ó rẹ́rìn-ín,
ó fi etí aṣọ nu omi kajú lọ́wọ́ ọmọ.
Ó pẹ́ kí n tó lè sọ pé ìdánwò yìí,
márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń yege.

Mo ní ọ̀bẹ kan wà tó mọ̀ ọ́n ṣe,
kì í ṣe tuntun; àwọn tó là á kọjá lọ́mọdé
ti ń bá ọmọ tiwọn jà lórí iṣẹ́ ilé.
“Níbo ni ọ̀bẹ ọ̀hún wà?”
Mo ní Àbújá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, bí àwọn oníṣẹ́-abẹ bá ráyè.
Ó fi ìka ka àpò kajú, ìka tán.
Ó yá ìka ọmọ lò, ìyẹn náà tán.
Kò tíì dé orí ọ̀nà,
èyí tí awakọ̀ kì í gbà mọ́ bí aago mẹ́ta bá lù.

Ọdún yípo. Ọ̀gá mi tẹ ìka mọ́ ìlà kẹtàdínlógún:
“Èyí kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kọ ọ́ pé ó sọnù.”
Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sọnù bẹ́ẹ̀,
ìṣirò wa sì wá dára lẹ́yìn wọn:
nínú àwọn tó rí ọ̀bẹ, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń sáré.

Mo padà lọ.
“Ọ̀kun o,” ni Ìyé rẹ̀ kí mi, ó gbé àpótí ìjókòó kalẹ̀.
Mo ka ohun tó wà nínú ìwé fún un.
Ó wò mí títí.
“Sọnù kẹ̀? Ìdí kajú tí ẹ ti bá wa náà la wà.
Ẹni tó ní òun ń bọ̀ tí kò wá,
ṣé òun kọ́ ló sọnù?”
Jọláadé ti ga sí i. Ẹsẹ̀ mẹ́fà báyìí, ó lóṣòó.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ní Mọ̀pà, mo tan tọ́ọ̀ṣì,
mo pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́.
Àyè ìlà kò tó, mo kọ ọ́ wọ etí ìwé, mo kọ ọ́ yí igun:
Ẹ bọ́ọ́lẹ̀ níbi tí ọlọ́kadà bá ti kọ̀.
Ẹ yà sápá ọ̀tún nídìí àpáta tó dà bí ìkòkò tí a dojú rẹ̀ dé.
Ẹ má bi ẹnikẹ́ni.
Ọmọ tó bá lóṣòó lójú ọ̀nà,
ẹ̀yin ló ń dúró dè.